Ọtí Tó San Owó Ọkọ̀

Ọtí tí ọkọ ọ̀rẹ́ mi mu ló san owó ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Tí mo bá ti sọ ọ́ báyìí, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá ní kí n ṣàlàyé. Mo máa ṣàlàyé, àmọ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín látòkè délẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń bí mi títí di òní.

Alápatà la máa ń pè é níbi iṣẹ́. Òun nìkan ni obìnrin tó ń gé ẹran ní ilé ìtajà ńlá tí a ti ń ṣiṣẹ́, lápá ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí òtútù fíríṣà ti máa ń wọ èèyàn léegun. Èmi ni Ẹlẹ́ja. Káńtà tèmi ló tẹ̀ lé tirẹ̀. Tó bá gbé itan màlúù sórí pákó, tó sì gbé àáké kékeré sókè, á dún gbàù, omi ẹ̀jẹ̀ á ta sára ẹja mi. Mo máa ń bú u.

"Ìwọ obìnrin yìí, ẹja mi ò bá ẹ jà o."

"Fi omi ṣàn án. Ṣebí inú omi ló ti wá."

Ó lágbára. Ìdajì màlúù tí ọkùnrin méjì ń gbé pẹ̀lú ìkérora, òun nìkan á gbé e kọ́ èjìká, á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Obìnrin tó ń ya egungun màlúù sí wẹ́wẹ́ láàárọ̀ yìí ni ọkọ rẹ̀ ń lù bí ẹní lu bàrà lálẹ́. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò fi gbá a padà. Gbogbo ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ ni mo ti bá jà, torí kò sí èyí tó rí ìkúùkù rí láti ọwọ́ ẹni tó jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Onítáìlì ni ọkọ. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń wá oúnjẹ òòjọ́, ó ń to táìlì sí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná àwọn ẹlòmíì látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Mo máa ń sọ pé bó bá ti kúnlẹ̀ tán fún ilé ìgbẹ́ oní-ilé, á wá dé ilé tirẹ̀ wá ẹni tó máa kúnlẹ̀ fún òun náà. Lẹ́ẹ̀kan, ó fi ilẹ̀kùn fíríìjì há orí ìyàwó rẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń pa á. Lẹ́ẹ̀kan, ó fi òòlù onírọ́bà tí ó fi ń to táìlì gbá a léyín, eyín iwájú kan sì lọ. Alápatà á wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á so épírọ́ọ̀nù, á kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun. Àwa náà á máa ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ohun tó yí ọkàn rẹ̀ padà ni ọjọ́ tí ọkùnrin náà gbá ọmọ wọn létí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, kò tíì kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó da omi sílẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé lẹ́yìn ìgbátí náà, ọmọ kò sunkún. Ó kàn lọ mú àkísà, ó ń nu omi náà, ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ alára ṣe máa ń wò ó.

"Ó ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi," ló wí. "Mo gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n gbogbo owó oṣù rẹ̀, ọwọ́ ọkọ ló ń balẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní ìlú kan létí òkun, ó ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀, ọ̀nà ibẹ̀ jìn, ọkọ̀ ojú irin ló ń dé ibẹ̀. Ibi tí káàdì ilé ìtajà wa ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Bí o bá ra nǹkan lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin tó ń gbowó á bi ọ́ ní nọ́mbà fóònù rẹ. Bí nọ́mbà rẹ bá wà nínú ẹ̀rọ, póìǹtì á wọlé. Tí póìǹtì bá pọ̀ tó, o lè fi gba ìkòkò, tàbí áyọ́ọ̀nù, tàbí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ fún họlidé. Ìkòkò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Ẹ̀dínwó tún wà fún àwọn tó ní nọ́mbà, pàápàá lórí bíà. Onítáìlì kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ káàdì rárá tẹ́lẹ̀, ó ní ọ̀nà àti ja èèyàn lólè ni. Àmọ́ nígbà tó rí i pé aládùúgbò rẹ̀ ń ra páálí bíà kan náà ní owó tó dín, orí rẹ̀ wálé. Ìyàwó rẹ̀ fi nọ́mbà tirẹ̀ kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń fi a-b-d kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ń pè é, ọkùnrin náà ń gbè é, títí tó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ìgbà náà, gbogbo bíà tó bá rà, orí nọ́mbà ìyàwó rẹ̀ ló ń wọ̀. Ọkùnrin yẹn sì ń mutí bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi.

Bó ṣe ń mu ni póìǹtì ń gorí póìǹtì. Bí ó bá ti gbé páálí kọjá níwájú wa, tó ń lọ síbi ìsanwó, Alápatà á rọra sọ sí mi létí pé, "Ọkọ̀ ti ń rìn o." Èmi á ní, "Kó má ṣe dúró lọ́nà." Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá sí iṣẹ́ pẹ̀lú ojú tó wú bí búrẹ́dì. Mo ń wò ó, omi ń bọ̀ lójú mi. Ó fi ọwọ́ kàn mí lápá, ó ní, "Ó ku díẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. A rín in.

Nígbà tí póìǹtì pé, tí ilé ìwé sì fẹ́ gba họlidé, ó lọ síbi tábìlì tí wọ́n ti ń gba ẹ̀bùn kí a tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Àyè méjì ló gbà, tirẹ̀ àti ti ọmọ, fún àárọ̀ ọjọ́ kejì. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì bi í pé, "Àlọ nìkan ni? Àbọ̀ ńkọ́?"

"Àlọ nìkan."

Èmi ni mo fi tíkẹ́ẹ̀tì náà pamọ́ sínú bàtà rọ́bà mi. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin sí ẹja.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Onítáìlì yà wá ra bíà. Ọmọbìnrin tuntun ló wà níbi ìsanwó, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Ó bi í ní nọ́mbà, ọkùnrin náà pè é. Ọmọ yìí wo ojú ẹ̀rọ, ó rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi póìǹtì gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣe ohun tí ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé máa ń ṣe. Ó kí i.

"Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, sà. Ẹ óò lọ ire, ẹ óò bọ̀ ire."

"Ìrìnàjò wo?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí Màámi gbà láàárọ̀ ni, sà. Ẹ máa gbádùn ara yín."

Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, à ń kí i. Ẹni tó jókòó lásán, à ń kí i. Báwo ni ọmọ gidi ṣe máa rí ìrìnàjò tí kò ní kí onírìnàjò? Ṣùgbọ́n ìkíni yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn.

Alápatà ń gé egungun lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ayùn máa ń pariwo gan-an, kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ gba ẹ̀yìn káńtà wọlé, ibi tí oníbàárà kankan kì í gbà, ó di irun rẹ̀ mú pẹ̀lú fìlà funfun tó fi bò ó, ó sì fi orí rẹ̀ gbá gíláàsì káńtà. Gíláàsì fọ́. Ó tún gbé orí náà sókè, ó tún fi gbá èyí tó kù.

"Ta lẹnìkejì? Mo ní ta lẹnìkejì?"

Kò sọ sí i lọ́kàn rárá pé ọmọ òun lẹnìkejì. Ẹ̀jẹ̀ ti dí Alápatà lójú, ó ń fọwọ́ wá ibi tó máa dì mú. Ọkùnrin náà gbá ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó ń wọ́ ọ lọ síbi ayùn tó ṣì ń yí. "Ọwọ́ tó gba tíkẹ́ẹ̀tì dà? Jẹ́ kí n rí ọwọ́ ọ̀hún." Wọ́n jà lé ọwọ́ yẹn lórí. Alápatà fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí káńtà, ó ń fà sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yọ̀ nítorí ọ̀rá ẹran. Ayùn mú ọmọ-ìka rẹ̀. Mo rí i tó já bọ́ sáàárín egungun tó ti gé sílẹ̀, mi ò sì lè fi ojú yà á sọ́tọ̀ mọ́.

Ẹja ńlá kan wà lórí yìnyín mi, tó dì gbagidi bí òkúta. Mo di ìrù rẹ̀ mú, mo fi gbá ọkùnrin náà lẹ́bàá etí. Ó jọ̀wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó kọjú sí mi. Mo tún fi gbá a lẹ́nu, eyín méjì jáde. Àkọ́kọ́, ẹ̀rù ló jẹ́ kí n ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kejì, mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Àwọn oníbàárà dúró, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń yà wá ní fídíò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dé nígbà tí ẹja ti parí iṣẹ́.

Ọlọ́pàá mú un lọ, àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sì ti lọ bẹ̀bẹ̀ gbà á sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, wọ́n ní ìjà ò dọlà. Ká ní ìka tiwọn ló wà láàárín egungun, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, mánijà wa pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní ẹja tí mo fi jà kò ṣeé tà mọ́, pé kí n lọ fi ara balẹ̀ ronú nípa ìyẹn. Mo ronú nípa rẹ̀. Ká ní mo tún rí ẹja mìíràn níbẹ̀, mánijà náà ì bá jẹ nínú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn rán ọwọ́ àti iwájú orí Alápatà. Ilé mi ni òun àti ọmọ sùn. Láàárọ̀, mo yọ tíkẹ́ẹ̀tì nínú bàtà, ó ń rùn bí ẹja, ẹni tó gbà á níbùdókọ̀ yínmú. Alápatà fi ọwọ́ ọ̀tún di ọmọ mú, ó gbé ọwọ́ òsì tó wà nínú báńdéèjì lé àyà, wọ́n wọlé. Ọmọ juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Ìyá kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ni pé, "Ju síìmù yẹn sínú òkun."

"Àǹtí mi, mi ò lè jù ú. Póìǹtì ṣì ń wọ orí ẹ̀."

"Orí ẹ ló dàrú. Wọ́n gé ẹ níka, o ń sọ póìǹtì."

Ṣùgbọ́n kò jù ú. Nǹkan tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un, ni pé bí wọ́n bá ti pe nọ́mbà yẹn níbi ìsanwó, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọ fóònù Alápatà lójú ẹsẹ̀. Á sọ pé póìǹtì ti wọlé, á sì sọ ẹ̀ka ilé ìtajà tí wọ́n ti ra ọjà náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Onítáìlì tún fi gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé, ẹnu rẹ̀ ṣì wú. Ó ti san owó gíláàsì, wọ́n ní oníbàárà ni. Ó gbé páálí rẹ̀, ó lọ síbi ìsanwó, wọ́n bi í ní nọ́mbà, ó sì pè é láìfọ̀rọ̀ falẹ̀, nítorí ẹ̀dínwó. Ojú kò tì í. Mo sá wọ yàrá fíríṣà, mo pe Alápatà kí n lè bínú sí i létí.

"Mo mọ̀," ló wí. "Fóònù mi ti sọ."

Bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, fóònù á dún, á wo orúkọ ẹ̀ka wa, á mọ̀ pé ọkùnrin náà wà níbi tó wà. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ohùn tí mi ò gbọ́ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Alápatà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ká aṣọ ibùsùn ní ilé ìfọṣọ, ọmọ ń jẹ búrẹ́dì lórí àpótí. Fóònù dún. Alápatà wò ó. Orúkọ ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiwa. Èyí tó wà ní iwájú ibùdókọ̀ ojú irin ní ìlú etí òkun ni, ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ra ọṣẹ.

"Àǹtí mi, ó ti dé."

"Ta ló dé?"

"Bàbá ọmọ yìí. Ó ń ra bíà níwájú ibùdókọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òun fúnra ẹ̀ ló sọ."

Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé gbé ọmọ fún télọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ní àwọn ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n lọ dúró ti ìkòkò sítáàṣì tó ń hó lórí iná. Alápatà wo ọ̀bẹ tó wà lórí tábìlì, ó fi í sílẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Ọ̀bẹ ti mọ̀nà jù lọ́wọ́ mi." Ọ̀pá ni ó mú, ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n fi ń ro aṣọ nínú omi gbígbóná, ó sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà kò kànkùn. Ó fi ẹsẹ̀ ṣí i. Páálí bíà wà lábẹ́ apá rẹ̀ kan, òòlù irin tí wọ́n fi ń fọ́ táìlì àtijọ́ wà lọ́wọ́ kejì. Ẹ má gbàgbé òòlù yẹn nígbà tí wọ́n bá ń sọ fún yín pé àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Ó rí ẹ̀gbọ́n nídìí iná, ó gbé òòlù sókè. Alápatà na ọ̀pá sí i lórúnkún láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gẹ́lẹ́ ní oríkèé tí òun máa ń wá kí ó tó ya ẹsẹ̀ màlúù. Ó ní ó dún bó ṣe máa ń dún níbi iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ṣubú lu páálí, ìgò fọ́, bíà ń ṣàn láàárín ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Ó ń wọ́ tọ òòlù lọ lórí àfọ́kù ìgò. Ó na ọwọ́ sí i, Alápatà na ọ̀pá mọ́ ọwọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n gbé ìkòkò, ó da sítáàṣì sí i lẹ́yìn. Igbe tó ké, télọ̀ gbọ́ ọ, ó dí ọmọ létí.

Alápatà tún gbé ọ̀pá sókè. Orí ló ń wò báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ pé má ṣe é. Ọkùnrin náà yí ojú sókè, ó rí i, ó sì gbé apá bo orí bí ọmọdé. Bí Alápatà alára ṣe máa ń gbé e nílé ìdáná rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ ọ̀pá sílẹ̀.

"Mo ní tí mo bá pa á, ta ló máa ra póìǹtì?" Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún lórí fóònù, mo sì bá a sun ún.

Ọlọ́pàá dé mú Onítáìlì, ó ṣẹ̀wọ̀n díẹ̀, kò pọ̀ tó. Ó ti dé báyìí, ó ń tiro, orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́, ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ kò sì lè to táìlì. Ó wá dúró níwájú ẹja mi lọ́jọ́ tó dé, ó ní, "Ìwọ lo pè é. Ìwọ lo sọ fún un pé mò ń bọ̀." Mo ń ho ìpẹ́ ẹja mi lọ. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Kò mọ̀ títí di òní.

Ní ìrọ̀lẹ́, á tiro wọlé, á gbé ìgò díẹ̀, torí apá rẹ̀ kò ká páálí mọ́. Wọ́n á bi í ní nọ́mbà, á sì pè é látorí dé ìdí. Mo máa ń dá ọ̀bẹ mi dúró títí á fi pè é tán. Létí òkun, fóònù á dún. Alápatà á wo orúkọ ẹ̀ka, á ṣílẹ̀kùn, á ní kí ọmọ máa lọ ṣeré nínú iyanrìn. Ó ní póìǹtì tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, pé tíkẹ́ẹ̀tì tèmi ló máa fi gbà lọ́tẹ̀ yìí, kí n wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà bá pẹ́ kó tó dé, ọmọ kì í jáde, ọkàn tèmi náà kì í balẹ̀. Èmi tí mo kórìíra ọtí láyé mi, mo máa ń dúró nídìí ẹja mi, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí òùngbẹ gbẹ ẹ́.